Ta Ni Yóò Bójútó Àwọn Arúgbó Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì alẹ́ sọ ní Ajah

Mo mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Jakande dé ibí kì í ṣe eré. Ẹni tí ó sì ti ọjà Ajah wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì lóòjọ́. Nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ mọ̀ pé mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Àṣà kan tí kò kúrò lára mi ni kí n máa wo rẹ́jísítà. Ẹni tí kò bá wá, mo fẹ́ mọ ohun tí ó dá a dúró. Ní tọ́ọ̀mù tí ó kọjá, mo rí i pé obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe dáadáa kò wá mọ́. Mo rò pé owó ni, tàbí ọkọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo lọ sí ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé àkọ́kọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó kọlu ìyá ọkọ. Ní ilé kejì, bàbá ti ń ṣarán. Ó jáde nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Badore ni wọ́n ti rí i, ó ń bèèrè ọ̀nà Maroko lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ilé kẹta ni ó dùn mí jù. Ọmọbìnrin yẹn ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Victoria Island. Aago márùn-ún ìdájí ni ó ń jáde, ó sì máa ń di aago méje tàbí mẹ́jọ alẹ́ kí ó tó wọlé. Ìyá rẹ̀ kò lè rìn mọ́. Ó máa ń gbé omi, búrẹ́dì àti póò sí ẹ̀gbẹ́ ìyá, yóò sì ti ilẹ̀kùn láti ìta nítorí olè. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, ìyá dá mi lóhùn láti inú: "Ta nìyẹn? Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi o." Mo dúró níta, ìyá jókòó nínú, a jọ sọ̀rọ̀ gba ojú fèrèsé. Ó bi mí bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Ó ní òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ yín: bí iná bá ràn mọ́ ilé yẹn ní ọjọ́ kan ńkọ́? Ẹ má sì sọ pé ọmọ burúkú ni. Owó oṣù rẹ̀ ni ìyá ń jẹ. Bí ó bá jókòó ti ìyá, ebi yóò pa àwọn méjèèjì.

Àwọn àgbà wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òwe náà dáadáa. Inú ihò kan náà ni òkété àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bí ọmọ bá ti kó lọ sí ihò mìíràn tí ó jìnnà, báwo ni ìyá yóò ṣe rí ọmú mu?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ tí ó ń tún ìlú Èkó ṣe, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LEDB, bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àtijọ́ ní àárín Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Surulere. Òyìnbó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Peter Marris. Ó lọ bá àwọn tí ó ṣì wà ní Èkó sọ̀rọ̀, ó sì lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ sí Surulere náà. Ní ọdún 1961 ó tẹ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ilé tuntun ní Surulere dára, ó mọ́. Ṣùgbọ́n ní agboolé Èkó, ọmọ lè ya ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láràárọ̀, kí ó fún un ní kọ́bọ̀ díẹ̀, kí ó bi í bí ara ti rí. Nígbà tí wọ́n dé Surulere, owó ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tí ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ wá di ẹni tí ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba kọ́ ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka àwọn arúgbó mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ilé.

Àwa tí a wà ní apá ibí náà ti rí tiwa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fi kìlọ̀. Iye tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ sínú ìwé ni pé àwọn tí ilé wó mọ́ lórí tó 300,000. Díẹ̀ rí yàrá gbà ní Ilasan àti ní Ikota. Àwọn yòókù fọ́n ká, ọ̀pọ̀ sì gba ọ̀nà Ajah wá. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí ń bèèrè ọ̀nà Maroko, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Inú ọkàn rẹ̀ ṣì ń padà lọ sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé Maroko ṣì wà, ta ni ìbá jẹ́ kí ó rìn kọjá òpópónà méjì kí ó tó fà á lọ́wọ́ padà sílé?

Lónìí, ẹ wo bí ilé ti pọ̀ tó láti Lekki dé Sangotedo títí dé Awoyaya. Ilé yàrá kan, ilé yàrá méjì, ògiri gíga, géètì, ọlọ́dẹ. Ẹni tí ń gbé òkè kò mọ orúkọ ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ olówó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Húsítọ̀nù, àwọn ọmọ tálákà sì wà nínú ọkọ̀ láti ìdájí. Ìyà arúgbó tí ó jókòó nínú ilé ńlá pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan tilẹ̀ tún wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ní ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí yóò wá tọ́jú arúgbó wọn. Àwọn ọmọ wa gba ọ̀nà náà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn náà ní oṣù Keje ọdún 2025. Nọ́ọ̀sì lọ, tíṣà lọ, akọ̀wé báńkì náà lọ. Wọ́n ń wẹ ìyá onílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí ẹnìkan bá wọn wẹ ìyá tiwọn. N kò dá wọn lẹ́bi. Owó oṣù tí wọ́n ń gbà nílé kò lè gbọ́ bùkátà.

Ẹ óò bi mí pé, ìjọba wa ńkọ́? Ìjọba ti sọ̀rọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 16, sọ pé kí ìjọba ṣètò ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n orí kejì ìwé òfin náà ni ó wà, òfin kan náà sì sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè gbọ́ ẹjọ́ lórí ohun tí ó wà nínú orí kejì. Bí ẹni tí ó ṣèlérí ni, tí ó tún sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi òun léèrè. Ní ọdún 2017 àwọn aṣòfin ní Abuja ṣe òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ní ọdún 2021 ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ètò ìlànà lórí ogbó. Ìyẹn dára, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n Abuja jìnnà sí Langbasa.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi naira 8 sílẹ̀ nínú naira 100 owó rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fi naira 10 kún un. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá ẹlẹ́ja? Ta ni ọ̀gá aláta? Ní ọdún 2019 wọ́n ṣí ètò kan fún àwa tí a ń dá iṣẹ́ ara wa ṣe, kí a lè máa tu díẹ̀díẹ̀ jọ. Àwọn díẹ̀ ni ó tíì wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá àjọ lójoojúmọ́ lè ṣe é, ó sì yẹ kí ó béèrè.

Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, nígbà tí Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011 sí fún àwọn tálákà tí ó ti pé ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù. Ọ̀ṣun náà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2012, ₦10,000 ni tiwọn, fún àwọn àgbà díẹ̀ tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ wo bí ó ti rí: ìyá arúgbó tí ń tọrọ owó iyọ̀ lọ́wọ́ ọmọ wá di ẹni tí ń ra bisikíìtì fún ọmọ-ọmọ. Ọ̀wọ̀ padà sí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba yí padà ní Èkìtì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, owó náà sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó tí kò ní àpò tirẹ̀, tí ó jẹ́ pé àpò gómìnà ni a ti ń fà á yọ, kì í pẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí san ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ẹni ọdún 70 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1909. Ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kógbá wọlé tipẹ́, owó àgbà kò tíì dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òyìnbó nìkan ni ó lè ṣe é. South Africa ti ní owó àwọn àgbà láti ọdún 1928, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1944 ni wọ́n tó kà aláwọ̀ dúdú mọ́ ọn. Ní Japan, láti ọdún 2000, gbogbo ẹni tí ó bá ti pé ọdún 40 ni ó ń dá owó ìtọ́jú ọjọ́ ogbó, tipátipá. Wọ́n kò dúró de ìgbà tí orúnkún yóò máa dun wọ́n.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Láàrin wa, kì í ṣe ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ìjọ ni, bí ilé Regina Mundi ní Mushin tí ó jẹ́ ti Ìjọ Àgùdà. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìntì ni. Àwọn obìnrin tí ń lọ láti ilé dé ilé ni. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n olórí rẹ̀ kì í sùn.

Olùkọ́ mi kan, ẹni tí ó kọ́ mi ní ìṣirò, dàgbà, kò sì sí ọmọ nítòsí rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ilé ìtọ́jú kan. N kò ní dárúkọ ilé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ alẹ́ fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó tó lọ sílé. Òṣìṣẹ́ ọ̀sán dé, kò bá ẹnikẹ́ni nílẹ̀, kò rí àkọsílẹ̀ kankan, ó tún fún un ní òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ jù. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò tún dìde rìn mọ́ títí ó fi kú.

Mo bá ìyá tí ó ni ilé náà jà. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo gbọ́ ẹnu rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ ni ó fi dá ilé náà sílẹ̀. Arúgbó mẹ́rìnlá ni ó wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó kù. Èyí tí ó mọ iṣẹ́ jù, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ fún ọdún méjì, ti gba ìwé ìrìnnà lọ sí òkè òkun ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ti gun òkè. Ìdílé méjì kò tíì sanwó láti oṣù mẹ́rin. Bí ó bá pè wọ́n, wọn kì í gbé fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n gbé ìyá wọn síta ni? Bí n kò bá sì gbé e síta, owó àwọn yòókù ni n óò fi bọ́ ọ." Kò sí ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá wo ilé náà rí, bó ṣe ibi tàbí bó ṣe ire. Ó tún sọ èyí tí ó wọ̀ mí lára jù: "Èmi náà ti pé ọdún 68. Bí mo bá kú lọ́la, ta ni yóò jí wọn láàárọ̀?"

N kò bínú sí i mọ́, ṣùgbọ́n n kò dá a láre. Àìsí owó kọ́ ni ó ṣẹ́ ìbàdí olùkọ́ mi. Ìwé nóòtù kan àti bírò kan ni kò sí. Ìlà mẹ́ta péré: orúkọ oògùn, aago tí a lò ó, orúkọ ẹni tí ó fún un. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí lè kọ ọ́. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ẹ kò lè kọ ọ́, lónìí ẹ lè kọ ọ́. Nítorí náà ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n kò lọ bá àwọn olówó.

Ohun tí mo rò ni èyí. Gbọ̀ngàn àdúgbò wa ṣófo láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, àfi ọjọ́ ìnáwó. Ẹ jẹ́ kí a lò ó fún àwọn arúgbó ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí a gbé wọn wá, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ta ayò, kí nọ́ọ̀sì wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí àwọn ọmọ wọn lè lọ síbi iṣẹ́ láìti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò ní sun ibẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹnìkan láàrin yín dìde. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí a kó ìyá wa lọ síbi àwọn aláìlọ́mọ ni?" Ó dára pé ó sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ń rò ó láìsọ. Ìtìjú yìí ni ó ń jẹ́ kí àwọn ilé ìtọ́jú máa fi ara pamọ́ bí ilé tí ń ta ọtí ògógóró. Èsì mi ni pé: a ń gbé ọmọ ọdún méjì lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, kò sí ẹni tí ó pè é ní ọmọ aláìníyàá. Àti pé ìyá tí a tì mọ́lé, ta ni ń rí i tí yóò fi mọ̀ pé ó ní ọmọ?

Àwọn kan ní kí a fi alága ẹgbẹ́ onílé ṣe olórí, kí a fi àbúrò rẹ̀ ṣe akápò. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì ti sọ ọ́ lójú wọn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó tú ká nítorí ₦40,000. Kí owó wà ní báńkì, kí ènìyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí kan náà máa fọwọ́ sí i. Kí wọ́n máa ka ìwé owó sókè létí gbogbo ènìyàn lóṣooṣù, ẹni tí ó kọ́ ìwé ní kíláàsì yìí ni kí ó sì kà á. Bí a bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, kí a forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, ní apá tí ó wà fún ẹgbẹ́ aláàánú, kí ilé náà má bàa jẹ́ ti ẹnìkan. Bí olórí bá kú, kí igbákejì ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà náà ni a óò tó kọ lẹ́tà sí Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Eti-Osa East, a óò sì kọ sí àwọn tí ń bójútó ìdàgbàsókè àwùjọ ní Alausa. Òfin ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 dárúkọ àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí kò lágbára, tí a yà owó sọ́tọ̀ fún. Ẹni tí kò béèrè, wọn kò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn arúgbó fúnra wọn ńkọ́? Mo gbàgbé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò rí i pé èmi náà jẹ̀bi. Bàbá ẹlẹ́ja kan ní Okun-Ajah ni ó ràn mí létí. Ó gbọ́ gbogbo ètò mi tán, ó ní, "Tíṣà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi wá ohun tí a fẹ́ jẹ. Ẹ má kó wa jókòó bí ẹrù o. Èmi ṣì lè hun àwọ̀n. Ẹ wá ọmọ tí mo lè kọ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ pé kí méjì nínú ìgbìmọ̀ ẹni méje jẹ́ arúgbó. Àwọn kan ní wọn yóò máa sùn nípàdé. Ó dáa, kí wọ́n sùn. Nígbà tí wọ́n bá jí, wọn yóò sọ òtítọ́.

Owó oúnjẹ ni ó ṣì ń dà mí láàmú. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò bá ara mu. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá san díẹ̀, tí àwọn alásè ọjà sì bá wa ṣe bí wọ́n ti ṣèlérí, a lè jẹ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a kò lè jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. N kò fẹ́ kí a ṣèlérí ohun tí a kò ní lè mú ṣẹ fún ẹni tí kò ní ọdún púpọ̀ láti fi dúró dè wá.

Ìwé nóòtù ńlá kan wà lórí tábìlì níwájú yìí. Mo ti fa ìlà sí i. Kí ẹ tó lọ sílé, kí olúkúlùkù kọ òpópónà rẹ̀, ojúlé rẹ̀, iye arúgbó tí ó wà nínú ilé, àti bóyá ẹnìkan wà pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, ẹ má ṣe ní kí ẹlòmíràn bá yín kọ. Mo ti kọ tèmi sí ìlà kìn-ín-ní: ẹnìkan, ìyá ìyàwó mi, ọdún 84. Ní ìlà tí ó kẹ́yìn, níbi tí mo ti béèrè bóyá ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án, mo kọ "rárá" ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.